Orúkọ Àgbájé Nínú Ìwé Àbújá

Ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ ni kò mọ̀ títí di òní pé ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára ibi mẹ́rin tí ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ wò láti kọ́ ilé-iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì sí. Àgbájé ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Geregu ní Kogi, Itu ní Akwa Ibom àti Lau ní Taraba. Nígbà tó yá, Geregu àti Itu ni wọ́n gbé síwájú, orúkọ Àgbájé sì pa rẹ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Wọn kò pariwo rẹ̀ nígbà tó ń wọlé, wọn kò sì pariwo rẹ̀ nígbà tó ń jáde.

Iṣẹ́ iná ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Orí wáyà gíga ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá ìdarí súbùsìtéṣọ̀n, ibẹ̀ ni irun mi sì funfun sí. Bí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì bá ti yọjú lórí rédíò, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ á pè mí: “Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ wọn?” Mò ń gbọ́ wọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ibì kan náà ni ìjiyàn ọ̀hún ń yí sí.

Níbi òkú àgbà kan tí a lọ ṣe ní Oǹdó, mo jókòó ti bàbá tísà kan tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Bàbá ní tiwọn, ẹni tí kò bá gbàgbé Chernobyl ní 1986 kò ní dá a láṣà láti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá sórílẹ̀-èdè tí búlọ́ọ̀bù ìgboro kì í pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ sólà dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Bàbá, ẹ má bínú sà. Àwọn ará Faransé ń fi í tanná, wọn ò kú. Bí a bá ń bẹ̀rù báyìí, inú òkùnkùn la máa dàgbà sí.” Ọ̀rọ̀ gbóná. Ẹnì kan fa Hiroshima wọlé, ẹlòmíràn ní ọwọ́ ènìyàn dúdú kò tíì gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja tútù, tó ní fíríìsà ńlá mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ń gbọ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì. Nígbà tí wọ́n mí díẹ̀, ó bi wọ́n pé: “Ẹ̀yin bàbá, tó bá dé, èló ni wọ́n máa tà á fún wa?”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n padà sórí Chernobyl.

Èmi mọ̀ pé ìbéèrè ìyá yẹn nìkan ló kan ìwé tí ìjọba ń fọwọ́ sí. Àdéhùn átọ́míìkì láàárín orílẹ̀-èdè méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù rárá. Ọ̀rọ̀ òwò ni: ta ló máa kọ́ ọ, ta ló máa ni ín, ta ló máa ra iná rẹ̀, fún ọdún mélòó, ní iye wo, ta ló máa kó ìdọ̀tí rẹ̀, ta ló sì máa san owó ìtanràn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń jà lórí Hiroshima ti gbà kí àwọn tó kọ ìwé náà sinmi.

Ìtàn ìwé náà gùn díẹ̀. Ọdún 1976 ni òfin dá àjọ átọ́míìkì Nàìjíríà sílẹ̀, ó sì sùn fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó jí i ní 2006. Ní oṣù Kẹfà 2009, Medvedev tó jẹ́ ààrẹ Rọ́ṣíà nígbà náà wá sí Àbújá, wọ́n sì tọwọ́ bọ àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí átọ́míìkì. (Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ gáàsì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigaz. Gbogbo ayé fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù púpọ̀, àdéhùn átọ́míìkì sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.) Òmíràn tẹ̀ lé e ní 2012, tó kan bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe máa lò ó àti bí wọ́n ṣe máa tú u palẹ̀ tó bá gbó. Ní 2015, ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn, Franklin Erepamo Osaisai, sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ń bá Rosatom, ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì ìjọba Rọ́ṣíà, sọ̀rọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ amúnáwá mẹ́rin tí owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 80 dọ́là. Owó yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ lọ́dún náà lọ. Ìlànà tí wọ́n dá ni pé àwọn ará Rọ́ṣíà ló máa wá owó, tí wọ́n máa kọ́ ọ, tí wọ́n máa ni ìpín tó pọ̀ jù, tí wọ́n á sì máa ta iná fún wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2017, wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé mìíràn ní Abu Dhabi. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà a máa sùn, a sì máa jí, gẹ́gẹ́ bí ìjọba bá ṣe ń yí padà.

Kí n tètè sọ èyí, nítorí ọmọ ilé mi kan sọ pé mo ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù ohun tuntun. Mi ò kórìíra átọ́míìkì. Ẹni tó sọ pé ọwọ́ wa kò gbà á kò mọ ohun tó wà ní Zaria. Láti 2004 ni ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan ti ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ọmọ Nàìjíríà ló sì ń darí rẹ̀. Ní 2018, wọ́n yọ epo uranium alágbára tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé fi ṣe ohun ìjà rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dá ti àkọ́kọ́ padà sí Ṣáínà tí wọ́n ti rà á, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Ohun tí kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù kan lọ ni wọ́n fi gbogbo ìlàkàkà yẹn gbé. Ilé-Ifẹ̀ náà ní ibùdó ìwádìí agbára tirẹ̀ ní OAU, tó ti wà láti 1976. Ọpọlọ kò wọ́n wa. Àmọ́ ẹ̀rọ Zaria kéré débi pé kò lè tan iná ìgboro kan, kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa jókòó kọ àdéhùn títà iná.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń lé oorun lójú mi, èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí rédíò.

Iná tó ń wọ Àkúrẹ́ ń gba ọ̀nà Òṣogbo wá, Òṣogbo náà sì ni olú yàrá ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Nínú súbùsìtéṣọ̀n, aago kan wà lára pátákó tó ń sọ ìyípo iná. Àádọ́ta ló yẹ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa tọ́ka sí. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í wò ó lemọ́lemọ́, nítorí etí ló fi ń ṣọ́ iṣẹ́. Tíráńsífọ́mà ńlá a máa kùn tọ̀sán-tòru, kíkùn náà a sì wọ èèyàn lára débi pé kò ní gbọ́ ọ mọ́. Tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan bá já lójijì, bóyá ní Ẹ̀gbín tàbí ní Kainji, abẹ́rẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀: mọ́kàndínláàádọ́ta, méjìdínláàádọ́ta àti díẹ̀. Àwọn ríléè á bẹ̀rẹ̀ sí í já láwẹ́láwẹ́ lára ògiri, “kà, kà, kà,” bí wọ́n ṣe ń gé àwọn ìlú kúrò láti fi dóòlà èyí tó kù. Bí wọn kò bá gé e yá, kíkùn tíráńsífọ́mà á dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni olùṣọ́ ń gbọ́ kó tó mọ̀ pé fìtílà orí òun náà ti kú. Á gbé fóònù, á pe Òṣogbo, Òṣogbo á ní kó dúró. Ní 2024 nìkan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí gíríìdì wa ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Iná tó máa ń wà lórí gíríìdì náà lójoojúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì. Nígbà tó ga jù lọ, ní oṣù Kẹta 2025, ó lé díẹ̀ ní 5,800. Ẹ̀rọ átọ́míìkì kan ṣoṣo nínú irú èyí tí Rosatom ń tà jẹ́ 1,200. Bí èèyàn mẹ́rin bá gbé òpó iná lé èjìká, tí ẹnì kan ṣàdédé yọ èjìká tirẹ̀, ṣé àwọn mẹ́ta yòókù á lè dúró? Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n lófin pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná orí gíríìdì lọ. IAEA, àjọ átọ́míìkì àgbáyé tí Nàìjíríà wọ̀ láti 1964, ń fún orílẹ̀-èdè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní irú ìmọ̀ràn kan náà. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò, gíríìdì wa gbọ́dọ̀ lè gbé 12,000 mẹ́gáwáàtì láìwó kí a tó lè so ẹ̀rọ kan péré mọ́ ọn. Mẹ́rin ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà le ju èyí lọ. Ẹ̀rọ gáàsì, tó o bá pa á, ó kú nìyẹn. Ti átọ́míìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró kíákíá, ṣùgbọ́n ooru inú epo uranium kì í tán bọ̀rọ̀; omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí i ká fún ọjọ́ púpọ̀, iná ló sì ń ti omi náà. Níbo ni iná ọ̀hún ti ń wá nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti dúró? Láti orí gíríìdì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima nìyẹn ní oṣù Kẹta 2011. Ìmìtìtì ilẹ̀ gé iná ìta kúrò, àwọn ẹ̀rọ dúró bó ti yẹ kí wọ́n dúró, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà omi òkun wọlé, ó bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta yọ́. Àwọn ará Jàpáánì ni wọ́n o, tí iná kì í já lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ará Rọ́ṣíà sọ pé ẹ̀rọ VVER-1200 tiwọn ní ọ̀nà ìtutù tí kò gbára lé iná fún wákàtí 72. Mo gbà wọ́n gbọ́; iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Àmọ́ wákàtí 72 kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2024, nígbà tí wáyà tó lọ láti Shiroro sí Kaduna bàjẹ́, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní òkè Ọya wà láìní iná ọba ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo mọ irú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ wáyà máa ń gbà dé ibi iṣẹ́ ní ìgbẹ́. Mo mọ bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹ̀yà ara tíráńsífọ́mà tó dé láti èbúté. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ wà, màá bi í pé ta ló ń ra dísẹ̀lì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan wà nítòsí Benin tí ń jẹ́ Azura, 461 mẹ́gáwáàtì, gáàsì ló ń lò, 2018 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ni pé bí a gba iná wọn bí a kò gbà á, owó di dandan, Báńkì Àgbáyé sì ṣe onídùúró. Mi ò bá Azura jà. Iná wọn dúró ju ti ọ̀pọ̀ lọ, ẹni tó bá sì kó owó ńlá wá ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni wáyà wa kò lè gbé ohun tí a ti san owó rẹ̀? Àwọn ìwé ìròyìn ń dárúkọ mílíọ̀nù 30 dọ́là lóṣù. Bí ti gáàsì 461 mẹ́gáwáàtì bá rí báyìí, kí ni ti átọ́míìkì 4,800 máa jọ?

Orílẹ̀-èdè Tọ́kì bá Rosatom ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 2010 fún ibi tí wọ́n ń pè ní Akkuyu. Wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé: ní ìpíndọ́gba, sẹ́ǹtì 12.35 owó Amẹ́ríkà fún kílówáàtì wákàtí kan, fún ọdún 15, lórí ìpín kan nínú iná ibẹ̀. Ilé aṣòfin wọn rí i kó tó di òfin. Àwọn kan níbẹ̀ ń pariwo pé ó wọ́n jù, ó kéré tán wọ́n mọ iye tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Bí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, iye yẹn jẹ́ ₦185, kí iná náà tó kúrò ní ọgbà ilé-iṣẹ́, kí àwọn tó ń gbé e lórí wáyà gíga tó gba tiwọn, kí àwọn tó ń pín in fún wa náà tó gba tiwọn. Ní oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ń pín iná fún jù lọ, lọ sí ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan, àwọn ẹlẹ́ja tútù ní Àkúrẹ́ ló kọ́kọ́ figbe ta. Ìdáhùn tó yẹ kí ìyá yẹn gbọ́ ní Oǹdó nìyẹn, mi ò sì rí àyè sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé.

Kì í ṣe àwa nìkan la ní irú ìjiyàn yìí. Ní Íńdíà, àdéhùn átọ́míìkì pẹ̀lú Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ìjọba Manmohan Singh. Ẹgbẹ́ òṣèlú òsì yọ ọwọ́ wọn, ó sì di ìdìbò ìfọkàntán ní oṣù Keje 2008. 275 sí 256 ni ìjọba fi yè é. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti bá ara wọn fa á, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ ajàfáyìíká kékeré kan, Earthlife Africa, àti ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ kan ló pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí àdéhùn tó bá Rọ́ṣíà ṣe ní 2014. Ní oṣù Kẹrin 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Cape Town fagi lé e, nítorí pé wọn kò gbé e gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ nílé aṣòfin. Adájọ́ kò sọ pé átọ́míìkì burú. Bí wọ́n ṣe ṣe ìwé náà ló dá lẹ́jọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ajàfáyìíká Nnimmo Bassey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ láti gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ padà sí Òkìtìpupa. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní Ọmọtọ́ọ̀ṣọ́, èkíní láti 2007, èkejì tẹ̀ lé e. Gáàsì ni wọ́n ń lò. Wáyà gíga oní-330 kV ló ń gbé iná ibẹ̀ jáde, apá kan sí ọ̀nà Benin, apá kan sí ọ̀nà Ìkẹjà. Láti nǹkan bí ọdún 2014, wọ́n gé púpọ̀ nínú àwọn ìlú ìhà Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lórí iná ọba, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, nítorí gbèsè àti ìjà lórí ẹni tó jẹ gbèsè. Ó sún mọ́ ọdún mẹ́wàá kí ọ̀pọ̀ wọn tó rí nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gé iná ti wọ ilé-ìwé kó tó mọ ohun tí swíìṣì wà fún. Ọkùnrin kan láti Ìgbòkodá sọ fún mi pé: “Ẹ̀gbọ́n, àwọn wáyà gíga ń gba orí oko wa kọjá. Tí ìrì bá sẹ̀, ẹ á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún.” Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ bá sọ pé kó fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìdàgbàsókè?

Ìdọ̀tí ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, nítorí ìlú Koko kò jìnnà sí omi Ìlàjẹ, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ń rántí. Ní 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ọgbà ọkùnrin kan tí wọ́n ń fún ní owó táṣẹ́rẹ́ lóṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Ítálì ló tú àṣírí náà, kì í ṣe ìjọba wa. Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe ti átọ́míìkì, ó sì padà sí ibi tó ti wá, òfin tuntun sì jáde lọ́dún náà. Àmọ́ epo uranium tí wọ́n bá ti lò tán kì í ṣe ohun tí a lè kó sínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ta ló ń mú un padà, ta ló ń sanwó rẹ̀, fún ọdún mélòó? Ó yẹ kí ìlà kan wà nínú àdéhùn 2012 tàbí ti 2017 tó dáhùn rẹ̀. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kà.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa l'Àkúrẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan wa mọ́, pé lábẹ́ àtúnṣe òfin 2023, ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń ṣàkóso iná. Lóòótọ́ ni; a lè pinnu owó iná wa nínú ìpínlẹ̀ yìí báyìí. Ṣùgbọ́n átọ́míìkì ṣì wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan láṣẹ lé lórí nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Bí Àbújá bá tún gbé Àgbájé jáde láti inú fáìlì lọ́la, àjọ iná tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò ní ohun tó lè sọ, àfi kó ra iná náà ní iye tí ẹlòmíràn ti fọwọ́ sí.

Ọ̀nà kan ló ṣì ṣí sílẹ̀. Abala 12 ìwé òfin 1999 sọ pé àdéhùn tí Nàìjíríà bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin níbí àfi bí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Aṣòfin kan wà l'Àbújá tó ń ṣojú Òkìtìpupa àti Ìrèlè. Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ tí ẹ ń kà mí, kí ẹ tó bá mi jiyàn lórí Chernobyl, ẹ kọ lẹ́tà sí i. Ẹ bi í bóyá ó ti rí àdéhùn 2012 àti ti 2017, kí ó gbé wọn wá, kí a jọ kà wọ́n ní Òkìtìpupa, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹni tó lè túmọ̀ wọn sí èdè Ìkálẹ̀ nítòsí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé apá ti wáyà, èmi yọ̀ǹda ara mi.